Ọkọ̀ Gbára ní Ìlọrin: Ṣé Ká Parí Ẹ̀ Níbí, Àbí Ká Pe Ìnṣọ́ránsì?

Bí ọkọ̀ méjì bá gbára ní Gẹ́rí Álímì, kí àwọn awakọ̀ tó bọ́ sílẹ̀, àwọn adájọ́ ti pé jọ. Ọ̀kan nínú wọn, tí kò tilẹ̀ rí bó ṣe ṣẹlẹ̀, ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Òmíràn ti ń ṣírò iye tí bọ́ńpà máa jẹ́. Àgbàlagbà kan á wá dé, á ní, "Ẹ fi fún Ọlọ́run, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀mí kò lọ sí i, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà ṣí." Nínú gbogbo wọn, ẹ lè má rí ẹyọ ẹnì kan tó máa béèrè pé, "Ìnṣọ́ránsì yín ńkọ́?" Bẹ́ẹ̀ ìwé ọ̀hún wà nínú ọkọ̀ méjèèjì, wọ́n ti sanwó rẹ̀, ẹni tó ni ín sì ti ń ronú ẹni tó máa yá òun lówó tí òun máa fi tún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe.

Mi ò ní kí ẹ máa sáré pe ìnṣọ́ránsì nítorí ọ̀dà tó bó. Ọ̀pọ̀ ìjàǹbá kékeré ló dáa kó parí láàárín àwọn tó ni ọkọ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí èèyàn ti yan ọ̀nà kan kó tó mọ ohun mẹ́ta: bóyá ẹnikẹ́ni farapa, ohun tó bàjẹ́ gan-an lábẹ́ èyí tí ojú rí, àti irú ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Bó ṣe yẹ kí ẹ tò ó nìyí.

Kí ọ̀rọ̀ owó tó jáde lẹ́nu

Ẹ dúró. Bó ti wù kó kéré tó, ẹni tó gbá ọkọ̀ tó sì sá lọ ti sọ ọ̀rọ̀ tí ì bá parí lójú títì di ẹjọ́ ọ̀daràn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ sì gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀. Tó bá jẹ́ lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Àjàṣẹ́-Ìpo ni, tí tírélà ń já bọ̀ láti ẹ̀yìn, ẹ gbé àmì náà jìnnà dáadáa, kí gbogbo èrò sì kúrò lórí títì kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ fẹ́ńdà wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn tó wà nínú ọkọ̀ méjèèjì léèrè, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kàn sọ pé, "Ṣé kò sí nǹkan?" nítorí gbogbo èèyàn ló máa dáhùn pé, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," títí kan ẹni tí egungun ìhà rẹ̀ ti sán. Ẹ béèrè ohun tó ṣe pàtó: "Mọ̀mọ́, ẹ yí ọrùn yín sọ́tùn-ún, ṣé kò dùn yín? Ṣé orí yín gbá nǹkan? Ẹ mí kanlẹ̀, ṣé àyà ò fà yín?" Bí ẹnì kan bá farapa, ì báà ṣe ọmọdé tó ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọ̀nà "ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ níbí" ti dí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC ní 122, kí ọlọ́pàá sì mọ̀ sí i. Ìrora ọrùn àti ẹ̀yìn sábà máa ń fara hàn ní ọjọ́ kejì. Ẹni tó gba 20,000 náírà lọ́wọ́ yín ní ìrọ̀lẹ́ lè má lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, kò sì sí ìwé àdéhùn ẹ̀gbẹ́ títì tó máa gbà yín níwájú adájọ́ nígbà náà.

Tí ara gbogbo èèyàn bá yá, ẹ ya fọ́tò kí ọkọ̀ tó kúrò níbi tó wà. Ẹ ya èyí tó fi ọkọ̀ méjèèjì hàn pọ̀ pẹ̀lú ohun kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ níbẹ̀, bíi ilé epo, mọ́ṣáláṣí tàbí pátákó ilé ìwé. Ẹ ya nọ́mbà ọkọ̀ méjèèjì. Ẹ ya ibi tó bàjẹ́ láti ọ̀ọ́kán, kí ẹ tún sún mọ́ ọn yà á. Ẹ ya gíláàsì tó fọ́ sílẹ̀ àti ipa tí táyà fà lórí títì. Ẹ tún ya ibi tí ọkọ̀ kejì ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, torí pé bọ́ńpà tó ti sán láti ọdún Iléyá èṣí lè di ẹrù yín bí ẹ ò bá ní fọ́tò. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wa ọkọ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má bàa sọ gbogbo Ìlọrin di ọ̀tá yín. Ní oṣù Ramadan, tí ìṣínu bá ku díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ní sùúrù fún yín ju ìṣẹ́jú yẹn lọ náà.

Ẹ̀bẹ̀ ńkọ́? Ẹ bẹ̀bẹ̀ dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó fi ọkọ̀ gbá ti Alhaji tó jù ú lọ ní ìlọ́po méjì kò lè dúró ṣánṣán kó máa sọ òfin. Kó dọ̀bálẹ̀, kó sọ pé, "Ẹ kú ewu o, bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwé gbèsè. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ tíì sọ ni, "Èmi ni mo jẹ̀bi, gbogbo ẹ̀ ni màá san," pàápàá kó má kọ ọ́ sórí bébà tàbí WhatsApp. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ìnṣọ́ránsì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó ra ìnṣọ́ránsì kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bi tàbí ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ilé iṣẹ́ náà mọ̀ sí i. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fún wọn ní ìdí láti ní àwọn ò san.

Ohun tí 15,000 náírà ìnṣọ́ránsì rà

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra ìwé third party, ìyẹn ìnṣọ́ránsì tó wà fún ẹni tí ẹ bá gbá, nítorí ọlọ́pàá nìkan, wọn ò mọ̀ pé owó ńlá wà nínú rẹ̀. Látìgbà tí àjọ NAICOM, tó ń ṣàkóso ìnṣọ́ránsì ní Nàìjíríà, ti tún iye rẹ̀ tò ní January 1, 2023, 15,000 náírà lọ́dún ni third party ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni. Kó tó dìgbà náà, 5,000 ni. Bí ẹ bá gbá ọkọ̀ ẹlòmíràn, tàbí tí ẹ wó ògiri rẹ̀, tàbí tí ẹ wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín lè sanwó àtúnṣe rẹ̀ títí dé mílíọ̀nù 3 náírà. Kẹ̀kẹ́ Maruwa ń san 5,000, ìnṣọ́ránsì rẹ̀ sì dé mílíọ̀nù 2. Ọ̀kadà ń san 3,000, tirẹ̀ dé mílíọ̀nù 1. Lọ́tọ̀ sí èyí, ó tún wà fún ẹni tí ẹ bá ṣe léṣe tàbí tó bá pàdánù ẹ̀mí.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í mú nìyí: third party kì í tún ọkọ̀ tiyín ṣe. Ẹlòmíràn ló wà fún. Bí ẹ bá fi iwájú ọkọ̀ yín gbá ẹ̀yìn ọkọ̀ Alhaji, ìnṣọ́ránsì yín lè tún ẹ̀yìn tirẹ̀ ṣe, iwájú tiyín ọwọ́ yín ló wà. Bí ó bá jẹ́ òun ló gbá yín, ìnṣọ́ránsì tirẹ̀ ni ẹ máa gbájú mọ́, kì í ṣe tiyín.

Comprehensive ló máa ń tún ọkọ̀ ẹni ṣe bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni náà ló jẹ̀bi. NAICOM ní owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀, bóyá 300,000 náírà lọ́dún fún ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù 6. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wa fi ń bá third party lọ. Bí tiyín bá jẹ́ comprehensive, ẹ wá ojú ewé tí wọ́n kọ excess sí. Iye tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ fi ara dá nínú owó àtúnṣe nìyẹn, kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ń fún yín ní ẹ̀dínwó lọ́dọọdún tí ẹ ò bá béèrè owó lọ́wọ́ wọn, torí ẹ̀dínwó yẹn ló máa lọ bí ẹ bá béèrè.

Ẹ yẹ ìwé wò kí ẹ tó gbà á gbọ́

Bébà aláwọ̀ mèremère tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì kì í ṣe ẹ̀rí. Ayédèrú ìwé pọ̀ bíi yanrìn, pàápàá èyí tí àwọn alágbàtà ń kó fúnni ní ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀. Ìwé third party ọkọ̀ àdáni tí wọ́n bá tà fún yín ní iye tó kéré sí 15,000 ti jẹ́wọ́ ara rẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní àkójọ kan tó ń jẹ́ NIID. Ẹ ṣí askniid.org lórí fóònù, tàbí kí ẹ tẹ *565*11#, kí ẹ fi nọ́mbà ọkọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ ojúlówó, á fi hàn yín pé ìnṣọ́ránsì náà ṣì ń ṣiṣẹ́ àti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ ṣe ti ọkọ̀ kejì, ẹ ṣe tiyín náà. Kódà, ẹ lọ ṣe tiyín báyìí kí ẹ tó kà á dé ìsàlẹ̀, kó má bàa jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni ẹ máa ti gbọ́ ìròyìn burúkú. Láti February 1, 2025 ni ọlọ́pàá ti ní àwọn ń yẹ third party wò káàkiri orílẹ̀-èdè, nítorí náà, ẹni tí ìwé rẹ̀ jẹ́ ayédèrú ní wàhálà méjì.

Bí kò bá jáde nínú àkójọ, ẹ ya fọ́tò ìwé náà kí ẹ sì pe ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Nígbà mìíràn, wọn ò tíì fi sí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Àmọ́ bí wọ́n bá ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, ẹ ti mọ̀ pé àpò awakọ̀ náà nìkan ni owó lè ti jáde, ìjíròrò yín á sì yí padà.

Ẹ wo abẹ́ bọ́ńpà

Níbí ni owó ti ń sá mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Bọ́ńpà òde òní, ike ni. Bí nǹkan bá gbá a, ó máa ń wọlé lọ gbá irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà á tún padà jáde bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹ lè rí ìlà ọ̀dà tó há nìkan, kí irin inú ti ká.

Ẹ jẹ́ ká mú Corolla tí Sienna gbá lẹ́yìn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Taiwo. Lójú, bọ́ńpà sán díẹ̀ lápá òsì, ó tán. Ẹ kọ́kọ́ wo àlàfo tó wà láàárín búùtù àti fẹ́ńdà lọ́tùn-ún, kí ẹ wá wo ti òsì. Ó yẹ kí méjèèjì bára mu. Bí ìka bá wọ ọ̀kan tí kò sì wọ èkejì, nǹkan ti sún. Ẹ ṣí búùtù, ẹ tì í, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì: ṣé ó ń dá palẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àbí ẹ ní láti fi ara tì í? Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, ẹ gbé sípíà táyà kúrò, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ilẹ̀ búùtù. Irin tó wà níbẹ̀ máa ń ṣẹ́po bí aṣọ tí wọn ò lọ̀, ọ̀dà tó sì ti fọ́ níbi ìṣẹ́po náà á máa tàn yòò torí pé ìpẹtà kò tíì débẹ̀. Bí ẹ bá rí ìyẹn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti bọ́ńpà. Iṣẹ́ pánẹ́bítà ni, ọjọ́ mélòó kan ni, owó rẹ̀ kò sì sí lára iye tí onírànwọ́ ẹ̀gbẹ́ títì ń dá.

Tó bá jẹ́ iwájú ni wọ́n gbá, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo rédíétọ̀ àti kọ́ńdẹ́nsà A/C tó wà níwájú rẹ̀, bóyá wọ́n ti fara kan fáànù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, bóyá omi ń kán. Ẹ tan ọkọ̀ kí ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù: iná ẹ́ńjìnnì tàbí iná airbag tí kò sí níbẹ̀ láàárọ̀ kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ báyìí. Tí ọkọ̀ bá ní kámẹ́rà ẹ̀yìn, ẹ fi í sí rìfáàsì kí ẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ohun tí ẹ mọ̀ ṣì jẹ́ ohun tí ojú lè rí. Ìyókù dọwọ́ pánẹ́bítà tó máa tú bọ́ńpà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹ gba nọ́mbà, kí ẹ gba ìwé, ṣùgbọ́n kí ẹ má gba owó tó parí ọ̀rọ̀ pátápátá lójú títì. Kódà bí Alhaji tó gbá yín bá na 50,000 sí yín tó sì ń kánjú lọ sí ìrun Jímọ̀.

Ta ló yẹ kó san?

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹni tó gbá ẹlòmíràn lẹ́yìn ló sábà máa ń jẹ̀bi, torí kò fi àyè sílẹ̀ tó. Ẹni tó ń jáde láti ojú ọ̀nà kékeré sí ńlá, ẹni tó ń fi rìfáàsì jáde láti ilé, ẹni tó ń yí po láìwo ẹ̀yìn, ọwọ́ wọn ni ẹ̀bi sábà máa ń wà. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń jiyàn lórí ẹni tó jẹ̀bi, ẹ má fi ìjà parí ẹ̀. Iyàn yẹn fúnra rẹ̀ ti tó ìdí láti pe ọlọ́pàá tàbí FRSC, kí ẹnì kan tí kì í ṣe tiyín, tí kì í sì ṣe tirẹ̀, kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Báyìí, ẹ yan ọ̀nà

Ẹ parí ẹ̀ láàárín ara yín tó bá jẹ́ pé kò sẹ́ni tó farapa, ẹ̀bi kò ní àríyànjiyàn, ohun tó bàjẹ́ kò ju ọ̀dà, iná ẹ̀yìn tàbí bọ́ńpà lọ, ẹni tó máa san sì lè san án tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Owó àtúnṣe 40,000 kò yẹ kó sọ yín di ẹni tó ń kọ lẹ́tà síbi kan.

Bí tiyín bá jẹ́ comprehensive tí ẹ̀yin fúnra yín sì jẹ̀bi, ìṣirò ni. Ká ní àtúnṣe jẹ́ 80,000, kí excess yín sì jẹ́ 50,000: 30,000 ni ẹ máa rí gbà, ẹ sì lè pàdánù ẹ̀dínwó ọdún tó ń bọ̀ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ san án lápò yín. Ká ní àtúnṣe jẹ́ 600,000 ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí owó tí ẹ ti ń san láti ọdún yìí wá ṣiṣẹ́.

Ẹ gba ti ìnṣọ́ránsì lọ bí irin inú bá ti ká, bí ọkọ̀ bá ju méjì lọ, bí ẹni tó gbá yín bá ń sọ pé "màá rí yín lópin oṣù," tàbí bí kò bá dá yín lójú pé ẹ máa tún rí i mọ́. Èmi ò rí ìdí tí awakọ̀ táksí tí kò tíì jèrè ọjọ́ méjì fi máa jẹ gbèsè ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba nígbà tí ìwé tó ń san án wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun ò ní owó gan-an ni third party wà fún. Ẹ sọ ọ́ fún un pẹ̀lú pẹ̀lẹ́tù: "Bọ̀dá, ẹ má yáwó. Ẹ jẹ́ ká pe ìnṣọ́ránsì yín." Ẹ máa rí i bí ojú rẹ̀ á ṣe là.

Nǹkan kan tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó yan: ọ̀nà méjèèjì kì í rọrùn láti tò pọ̀. Bí ẹ bá ti gba owó tí ẹ sì ti fọwọ́ sí i pé ó parí, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kò ní fẹ́ gbọ́ tiyín mọ́. Nítorí náà, bí ẹ tilẹ̀ máa parí ẹ̀ láàárín ara yín, ẹ fi ìméèlì tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ilé iṣẹ́ yín létí lọ́jọ́ náà pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, ẹ ò sì tíì béèrè owó. Bí ọ̀rọ̀ bá yí, wọn ò ní lè sọ pé ẹ pẹ́ jù.

Bí ẹ bá máa parí ẹ̀ láàárín ara yín

Ẹ pe nọ́mbà rẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ẹ gbọ́ kó dún. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí láísẹ́ńsì rẹ̀, kí ẹ sì fi wé orúkọ tó sọ. Ẹ béèrè bóyá òun ló ni ọkọ̀. Bó bá jẹ́ dírẹ́bà, ẹ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí ẹ tó dá iye owó kankan, torí pé ìlérí dírẹ́bà kò de ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ má gba láísẹ́ńsì rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tàbí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ pa mọ́, ẹ má sì jẹ́ kó gba tiyín. Mo mọ̀ pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Ẹ ò ní àṣẹ rẹ̀, ó sì lè di ẹ̀sùn tí wọ́n máa fi kàn yín.

Ẹ gba ìdíyelé lọ́dọ̀ pánẹ́bítà méjì, ọ̀kan tí ẹ yàn, ọ̀kan tí òun yàn. Ìjà tó máa ń wáyé níbí ni irú ọjà: ṣé tuntun ni, ṣé tọ́kúnbọ̀, àbí kí wọ́n fi fáíbà lẹ̀ é? Ìdájọ́ tèmi ni pé ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n dá padà. Ẹni tí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ tọ́kúnbọ̀ kò lè fi ìjàǹbá ra tuntun tó ṣì wà nínú ọ̀rá. Bákan náà, ẹni tó gbá ọkọ̀ tó ṣì ń dán kò gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ bọ́ńpà rẹ̀. Ó tún sàn kí ẹni tó jẹ̀bi sanwó fún pánẹ́bítà tààrà ju kó fi owó lé ẹni tó ni ọkọ̀ lọ́wọ́, torí owó tó bá wọlé ní àsìkò owó ilé ìwé kì í padà di bọ́ńpà.

Ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bí Yorùbá bá ni ẹ̀yin méjèèjì gbọ́ dáadáa. Bí ẹnì kan kò bá lè kàwé, kí ẹlẹ́rìí kà á sókè fún un. Ó lè rí báyìí:

*Ní ọjọ́ …, ní agogo …, ọkọ̀ Toyota Sienna, nọ́mbà …, tí èmi … ń wà, gbá ẹ̀yìn ọkọ̀ Toyota Corolla, nọ́mbà …, ti …, ní Taiwo, Ìlọrin. Ohun tí a jọ rí pé ó bàjẹ́ ni bọ́ńpà ẹ̀yìn àti iná ẹ̀yìn apá òsì. A fohùn ṣọ̀kan pé èmi yóò san … náírà fún àtúnṣe rẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ …. Owó yìí wà fún ohun tí a kọ sókè nìkan. Bí pánẹ́bítà bá tú bọ́ńpà láàárín ọjọ́ méje, tí ó sì rí ohun mìíràn tí ìjàǹbá yìí fà, àwa méjèèjì yóò jọ wò ó kí a tó sọ iye rẹ̀.*

Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí kan láti ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan náà fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rìí tó dáa ni ẹni tí ẹ tún lè rí lọ́la, bíi ìyá tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tàbí vọkánáísà tó wà ní ìkóríta náà, kì í ṣe ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà kó wà lórí fóònù méjèèjì.

Ẹ san án nípasẹ̀ báńkì, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí i. Ẹni tó ń gbà á kò gbọ́dọ̀ wo áláàtì nìkan, torí áláàtì ayédèrú ti pọ̀. Kó ṣí áàpù báńkì rẹ̀, kó rí i pé owó wọlé. Bí iṣẹ́ bá parí, kó kọ ọ́ sábẹ́ ìwé kan náà pé òun ti gba iye báyìí, òun ò sì ní ohun mìíràn láti béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ sanwó, ẹ má fi ìlà kan ṣoṣo yẹn ṣeré.

Bí ẹ bá máa gba ti ìnṣọ́ránsì

Ẹni tó jẹ̀bi ló máa kọ́kọ́ fi tó ilé iṣẹ́ tirẹ̀ létí, lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ẹ má dúró de ọjọ́ Mọ́ńdè kí ẹ tó ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Òmù-Àrán, Ọ̀fà tàbí Ìgbàjà, ẹ ò nílò láti wọkọ̀ wá sí Ìlọrin fún ìyẹn, ìpè àti ìméèlì ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fún un ní fọ́ọ̀mù. Kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀, kì í ṣe èrò ọkàn rẹ̀: "Ọkọ̀ iwájú tẹ bíréèkì, mo tẹ tèmi, táyà yọ̀ nítorí òjò, mo gbá a lẹ́yìn."

Ìwé tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni fọ́ọ̀mù náà, ẹ̀dà ìwé ìnṣọ́ránsì, láísẹ́ńsì ẹni tó wa ọkọ̀, ìwé ọkọ̀ méjèèjì, fọ́tò, ìdíyelé àtúnṣe, àti ìròyìn ọlọ́pàá bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tí wọ́n gbá náà á kọ lẹ́tà tirẹ̀ sí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ẹni tó gbá a, pẹ̀lú ìdíyelé àti fọ́tò tirẹ̀. Ẹ má jókòó sílé kí ẹ máa retí pé òun á ṣe é fún yín. Bí láísẹ́ńsì ẹni tó wa ọkọ̀ bá ti kú, tàbí tí kò ní rárá, ilé iṣẹ́ lè fi ìyẹn kọ̀ láti san.

Ẹ má tíì tún ọkọ̀ ṣe! Wọ́n lè rán ẹnì kan wá wò ó. Bí ẹ bá ti tún un ṣe kó tó dé, ìdíyelé yín nìkan ló kù, ó sì lè dín in kù bó ṣe fẹ́. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ohun tí ẹ fi ń wá oúnjẹ, ẹ kọ̀wé béèrè àṣẹ láti tún un ṣe, kí ẹ sì tọ́jú páàtì tó bàjẹ́ kó rí i.

Wọ́n lè fún yín ní iye tó kéré sí ìdíyelé yín. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀, lórí bébà. Ẹ lè kọ̀ ọ́. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ fọwọ́ sí ìwé ìparí wọn kí ẹ sì wá máa kùn lẹ́yìn náà.

Ọlọ́pàá àti VIO

Bí ọ̀rọ̀ bá dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n lè ní kí VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, yẹ àwọn ọkọ̀ náà wò, kí ọkọ̀ sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wà kí ẹ tó fi sílẹ̀.

Òfin ọlọ́pàá ti 2020 ní wọn kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan. Nítorí náà, bí ẹni tó ṣèlérí 100,000 bá ń sá fún yín, kíkó ọlọ́pàá lọ bá a nílé kì í ṣe ọ̀nà rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ni, ìwé àdéhùn yín sì ni ẹ̀rí yín níbẹ̀. Wíwa ọkọ̀ níwàkuwà yàtọ̀ o, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, wọ́n lè mú èèyàn fún ìyẹn. Bélì sì wá jẹ́ ọ̀fẹ́.

Kẹ̀kẹ́, ọ̀kadà àti ọkọ̀ ìjọba

Bí ẹ bá gbá kẹ̀kẹ́ ní Tipper Garage ní Táńkẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ yòókù á yí yín ká kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ béèrè alága wọn. Alága tó bá dé ló sábà máa ń ní ọgbọ́n jù níbẹ̀, òun náà ló sì lè ní kí àwọn tó kù padà síbi iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, àdásan ni, ẹni tó ni ín wà níbòmíràn. Ẹ rí i pé olówó kẹ̀kẹ́ gbọ́ sí iye tí ẹ bá dá, kó má bàa wá béèrè tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọkọ̀ ìjọba tàbí ti ilé iṣẹ́ ńlá, ẹ má dá iye kankan pẹ̀lú dírẹ́bà wọn. Ẹ gba orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba náà, ẹ̀ka rẹ̀ àti nọ́mbà ọkọ̀, kí ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kí wọ́n sì bá yín tẹ ẹ̀dà rẹ̀ ní òǹtẹ̀ pé àwọn gbà á.

Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó bá ń sọ "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" láìdáhùn lórí bébà, ẹ kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ fún un ní ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, NAICOM ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn lórí ìnṣọ́ránsì. Ẹ fi lẹ́tà yín méjèèjì, ẹ̀dà fọ́ọ̀mù, ìdíyelé àti fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ sì kọ nọ́mbà ìwé ìnṣọ́ránsì náà sí òkè lẹ́tà kí wọ́n lè tètè rí i.